Mo pààrọ̀ fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù Honda Accord 2003 mi fúnra mi, kò sítáàtì mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ṣùgbọ́n tí kò gbiná, ẹ má tíì tú pulọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ ti wọnú páìpù epo nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́. Ẹ pa rédíò, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì, kí ẹ tẹ́tí sí ìdí ìjókòó ẹ̀yìn. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ kùn wùùù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2, kó sì dákẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kí epo lè dé iwájú, kí ẹ tó wá sítáàtì.

Tí kò bá kùn rárá, ẹ padà sórí táǹkì. Sókẹ́ẹ̀tì wáyà ibẹ̀ máa ń tan èèyàn: ó lè jókòó bí ẹni pé ó ti wọlé, ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá gbọ́ "kọ́", kò tíì wọlé nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo fíúùsì pọ́ǹpù.

Ẹ tún wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí iná aláwọ̀ ewé tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ bá ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ náà kò dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀ ló ṣe dá epo dúró. Kò kan pọ́ǹpù.

Ẹ jọ̀ọ́, bí òórùn epo bá ń jáde, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ tú bátìrì nígbà tí òórùn náà bá lọ tán, kí ẹ wá yẹ rọ́bà ẹnu táǹkì, níbi tí pọ́ǹpù wọlé sí, wò. Tó bá ká sí ẹ̀gbẹ́ kan, tuntun ni kí ẹ rà.