Ṣé kò burú tí mo bá fẹ́ràn ọkùnrin tó ń di ìkookò?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mararaba ni mò ń gbé, Wuse l'Abuja ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, inú go-slow Nyanya ni mo ti máa ń ka ìtàn ìfẹ́ lórí fóònù, àwọn èyí tí ọkùnrin á di ìkookò tàbí béárì, tá á tún máa yan búrẹ́dì fún ọmọge. Ọkọ mi ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Ṣé lóòótọ́ ni?
Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, irọ́ ni jàre. Ẹ bi í pé ṣé kò gbọ́ ìtàn Ọya rí ni, ẹfọ̀n tó bọ́ awọ ẹ̀ sínú igbó, tó di arẹwà obìnrin, tó gba ọjà lọ, tí ọdẹ wá jí awọ náà gbé pamọ́ sínú àká kó lè fi í ṣaya? Àwọn bàbá wa ti ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àmọ́ tiwa kì í parí sẹ́rìn-ín, orogún á fi awọ yẹn bú u, ilé á dàrú. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí, kẹ́ ẹ tó ṣí i lẹ ti mọ̀ pé wọ́n máa fẹ́ra, ẹnì kankan ò ní kú, ẹranko ńlá tó lè fa èèyàn ya wá ń bẹ̀rù ìyá ìyàwó, irun ẹ̀ ń dí ihò omi ní bálùwẹ̀! Lẹ́yìn wákàtí méjì nínú bọ́ọ̀sì tí kò ní éèsì, ta ni ò fẹ́ ìyẹn? Ẹ ka díẹ̀ sí ọkọ yín létí lálẹ́, àmọ́ ẹ fo ibi tó gbóná o, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìbejì míì.