Ẹ Bi Bàbá Oníṣirò: Báwo Ni 84 Ṣe Di 336?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Oníṣirò. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé wa. Wọ́n fún un ní onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13, 14 àti 15. Àyíká rẹ̀ jẹ́ 42, ìtẹ́jú rẹ̀ 84. Wọ́n ní kó sọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po méjì. Ó kọ 84 fún àyíká, ó gbà á. Ó kọ 168 fún ìtẹ́jú, olùkọ́ fagi lé e, ó ní 336 ni. Ká sọ òótọ́, èmi náà ì bá kọ 168. Ṣebí ìlọ́po méjì ni wọ́n ní kó ṣe?
— Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́

Ìyá wa, ẹ má bá ọmọ wí o. Àṣìṣe yìí ti mú èmi náà rí, mo sì ti ń kọ́ni nígbà náà. Mo gé onígun mẹ́ta kan nínú páálí, mo lẹ pépà aláwọ̀ búlúù bò ó. Ó jẹ abala kan tán. Mo wá ní kí n ṣe èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn tó ìlọ́po méjì fún ara ògiri kíláàsì, mo sì mú abala méjì wá. Ìdajì páálí ṣì wà níhòòhò tí pépà fi tán. Àwọn ọmọ ń wò mí.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé onígun mẹ́ta ní gíga. Ẹ gbé ti ọmọ yín jókòó lórí ẹ̀gbẹ́ 14. Láti ṣóńṣó orí rẹ̀ wá sílẹ̀ tààrà jẹ́ 12. 14 lọ́nà 12 jẹ́ 168. Ẹ pín in sí méjì, 84 nìyẹn. Tí ẹ bá wá fẹ̀ ẹ́, ìdí rẹ̀ á di 28, gíga náà ò sì ní dúró lójú kan, á di 24. 28 lọ́nà 24 jẹ́ 672. Ìdajì rẹ̀ ni 336 tí olùkọ́ wí.

Tí ọmọ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ fún un ní àlùmọ́gàjí. Kó gé kékeré yẹn mẹ́rin, kó to mẹ́ta ní ìdúró, kó dorí ẹ̀kẹrin kodò sáàárín wọn. Ńlá náà ló máa yọ, kò ní sí àlàfo kankan. Ibẹ̀ náà ni yóò ti rí ìdí tí àyíká ò fi di ìlọ́po mẹ́rin: ẹ̀gbẹ́ méjìlá ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní, mẹ́fà péré ló bọ́ síta. Mẹ́fà yòókù ti fara pa mọ́ sínú, wọ́n lẹ̀ mọ́ra ní méjì-méjì.

Ìlọ́po mẹ́ta ńkọ́? Àyíká á gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, ìtẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Tí ẹ bá dín ẹ̀gbẹ́ kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìtẹ́jú ló máa ṣẹ́ kù. Euclid ará Gíríìkì ti fi ẹ̀rí èyí hàn ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn.

Ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jọ gbà á o. Tó bá jẹ́ 15 nìkan lẹ sọ di 30, 13 àti 14 jẹ́ 27, ọwọ́ wọn ò ní kan ara wọn láéláé. Ẹ má sì fi àròpọ̀ ṣe é: tí ẹ bá fi 2 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìrísí rẹ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

168 tí ọmọ yín kọ kúkú ní onígun mẹ́ta tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 18.4, 19.8 àti 21.2, ìyẹn 13, 14 àti 15 lọ́nà 1.414, torí 1.414 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2. Ẹ ní kó fi rúlà fà á.