Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀rọ Sítúdíò: Nọ́mbà Timecode Bára Mu, Ohùn àti Àwòrán Ò Bára Mu

ÌBÉÈRÈ (Ọ̀fà): Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. DA-88 ti Tascam, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí tráàkì mẹ́jọ, ni mò ń lò, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni, káàdì SY-88 tó ń kọ timecode sì wà nínú ẹ̀. A fi gba eré dàdàkúàdà kan sílẹ̀ n'Ílọrin, àwọn oníkámẹ́rà náà ya fídíò tiwọn lọ́tọ̀, PAL (ìlànà fídíò tó ń lo fírémù, ìyẹn àwòrán, 25 ní sẹ́kọ́ńdì kan) ni wọ́n fi yà á. Timecode (nọ́mbà wákàtí, ìṣẹ́jú, sẹ́kọ́ńdì àti fírémù tí ẹ̀rọ máa ń kọ sórí téèpù) 01:00:00:00 la fi bẹ̀rẹ̀ lórí méjèèjì. Tí mo bá jẹ́ kí wọ́n jọ máa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò síṣòro. Àmọ́ tí mo bá fi nọ́mbà wá 01:50:00:00 lórí méjèèjì, ohùn á ti ṣáájú àwòrán bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta. Wọ́n ní téèpù ti fà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, téèpù ò fà o, má dá wọn lóhùn. Téèpù Hi8 (téèpù fídíò kékeré tí DA-88 ń lò) tó bá ti ń ṣe wàhálà, ohùn á máa já ni, kì í fara balẹ̀ ṣáájú àwòrán báyẹn. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta tó o kọ yẹn ló tú àṣírí ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 50 jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 3,000, mẹ́ta nínú ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún, ibi kan ṣoṣo tí mo sì mọ̀ tírú ìyẹn ti máa ń wá ni fírémù 29.97 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ni ín, látìgbà tí wọ́n ti gba ìlànà tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ wọlé ní 1953 ni fírémù wọn ò ti pé 30 mọ́. Ẹ̀rọ ẹ ṣì ń ka fírémù 30 bíi sẹ́kọ́ńdì kan, bẹ́ẹ̀ 29.97 péré ló ń jáde, ìyẹn ni nọ́mbà ẹ̀ ṣe ń falẹ̀, á jẹ aago ní gbèsè sẹ́kọ́ńdì 3.6 láàárín wákàtí kan. Nígbà tí téèpù bá fi máa sọ pé ìṣẹ́jú 50 ti pé, eré gan-an ti kọjá ibẹ̀ sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta. Ohùn ò ṣe nǹkan kan, nọ́mbà ló ń pa irọ́.

(Wọ́n ní ọ̀nà ìkà kan tó ń jẹ́ drop frame tó ń tún un ṣe, ó máa ń fo nọ́mbà fírémù 00 àti 01 ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àfi ìṣẹ́jú kẹwàá kẹwàá. Nọ́mbà ló ń fò o, kò yọ àwòrán kankan. Àwa ò nílò ẹ̀ jàre, fírémù 25 ni tiwa ní Nàìjíríà, kò sì ní bá aago jà.)

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Kọ́kọ́ da téèpù yẹn kọ sórí òmíì, ọjọ́ orí Hi8 kì í ṣe ọmọdé mọ́. Lẹ́yìn náà wá ibi tí wọ́n ti ń yan fírémù nínú sẹ́tìn SY-88, gbé e sí 25, kó o wá kọ timecode tuntun lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibi tí timecode ń gbé lórí DA-88 yàtọ̀ sí tráàkì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò ní kan ohùn, àmọ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ rí i dájú pé kò sí bọ́tìnnì tráàkì kankan tó wà ní rẹ́kọ́ọ̀dù, mo bẹ̀ ẹ́, wo gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. 01:00:00:00 tó o fi bẹ̀rẹ̀ yẹn dáa, fi í bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ 00 lo fi bẹ̀rẹ̀ ni, tí ẹ̀rọ bá ti sún sẹ́yìn díẹ̀ láti múra, 23:59 ló máa bá ara ẹ̀, á sì dàrú.

Tó o bá kọ ọ́ tán, tẹjú mọ́ nọ́mbà tó gbẹ̀yìn pátápátá. Ó gbọ́dọ̀ kà dé 24 kó tó padà sí 00. Tó o bá rí 25, 26 títí dé 29, sẹ́tìn ò tíì wọlé nìyẹn. Wá ibi tí ọ̀pá ti kan ojú ìlù nínú fídíò, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lápá ìparí, kó o kọ nọ́mbà ti fídíò àti ti ohùn sílẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan. Tí ìyàtọ̀ ẹ̀ bá jẹ́ iye kan náà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, offset lásán ni, fi iye yẹn sí i kó o máa lọ. Fírémù kan jẹ́ mìlísẹ́kọ́ńdì 40, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní mọ̀. Àmọ́ tí ìyàtọ̀ bá ṣì ń dàgbà, á jẹ́ pé word clock (aago inú ẹ̀rọ tó ń darí bí ohùn ṣe ń yára sí) ni, torí timecode kàn ń sọ ibi tó o dé ni, kò mọ bó o ṣe ń yára sí. Tó o bá ń kó o sínú kọ̀ǹpútà, jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba clock láti ara DA-88, kó o sì rí i pé 44.1 tàbí 48 kHz (iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní sẹ́kọ́ńdì kan) kan náà ni méjèèjì wà.

ÌBÉÈRÈ (Ọ̀mù-Àrán): Olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. ADAT wa, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí téèpù, ò fún wa ní SMPTE (irú timecode tí àwọn ẹ̀rọ míì ń kà), ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ó tì sà, kò bàjẹ́. ADAT ní àmì àkókò tiẹ̀ tó máa ń kọ sórí téèpù nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ́máàtì, ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń pèsè téèpù sílẹ̀, àmọ́ BRC, rìmóòtù ńlá tí wọ́n ṣe fún ADAT, ló ń sọ ọ́ di SMPTE. Tẹ́ ò bá rí BRC rà, ẹ gba timecode sórí tráàkì kẹjọ bí ẹ ṣe ń gba ohùn, ẹ máa gbọ́ ariwo ẹ̀ tó ń han etí. Ẹ má gbé e kọjá EQ tàbí compressor (àwọn ẹ̀rọ tó ń yí ohùn padà) rárá, ẹ má sì jẹ́ kó wọ sípíkà lọ́jọ́ ìsìn o.

ÌBÉÈRÈ (Ìlọrin): Tí wọ́n bá mú iná lójijì tí a ń gba ohùn lọ́wọ́ ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Àmì àkókò máa já níbẹ̀ ni, tó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń fọ́máàtì ẹ jọ ń gba ohùn. Ẹ fọ́máàtì téèpù yín tán kí ọjọ́ eré tó pé, téèpù Hi8 tí wọ́n kọ 120 sí lára máa gbà tó ìṣẹ́jú 108 lórí DA-88, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè mú un yá. Ẹ ra UPS fún ẹ̀rọ náà nìkan, kẹ́ ẹ tó máa lọ fa jẹnẹrétọ̀.