Ṣé àbímọ́ ni agbára àràmàǹdà àwọn Jedi, àwọn jagunjagun inú fíìmù Star Wars, àbí wọ́n ń kọ́ ọ ni?

Méjèèjì ni, ṣùgbọ́n àbímọ́ ló ṣáájú. Nínú fíìmù àkọ́kọ́ tó jáde ní 1977, Obi-Wan, àgbà Jedi kan, sọ fún Luke, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́, pé ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni agbára náà, Force, ti ń wá, pé ó sì yí wa ká. Kò dárúkọ ẹ̀jẹ̀ rárá. Ọdún 1999 ni wọ́n tó mú ọ̀rọ̀ midi-chlorian wọlé: àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ara; bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó lára ẹni ni agbára náà ṣe máa ń pọ̀ tó. Qui-Gon, ọ̀gá Obi-Wan, gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára Anakin, ọmọ ẹrú, ó ní kí Obi-Wan bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Iye midi-chlorian tó jáde lé ní 20,000. Yoda, àgbà ọ̀gá àwọn Jedi, gan-an ò ní tó bẹ́ẹ̀. (Àlàyé yìí bí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ fíìmù náà nínú. Lójú tèmi náà, wọn ì bá má ṣàlàyé ẹ̀ rárá.)

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní i tí kò kọ́ ọ, ṣe ló máa wà níbẹ̀ lásán. Nínú fíìmù ti 1980, ọkọ̀ òfuurufú Luke rì sínú irà ní pílánẹ́ẹ̀tì Dagobah, ó gbìyànjú títí, kò lè gbé e jáde. Yoda tí kò ga ju ọmọdé lọ ló gbé e, kò sì fọwọ́ kàn án.