Linux kò mọ ìwọ̀n mọ́nítọ̀ mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mọ́nítọ̀ mi gba 1920x1080, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fi Ubuntu (irú Linux kan) sórí kọ̀ǹpútà mi, kò kọjá 1024x768. Àwọn lẹ́tà tóbi, wọn ò sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Wáyà VGA ni mo ń lò. Ṣé kí n nu gbogbo rẹ̀ kúrò, kí n tún fi Ubuntu sí i ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ má nu nǹkan kan. Wáyà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Inú mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àwọn ìwọ̀n tó lè gbà wà. EDID lorúkọ rẹ̀, báìtì 128 sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Lára abẹ́rẹ́ 15 tó wà lẹ́nu wáyà VGA, nọ́ńbà 12 àti 15 ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀pọ̀ wáyà olówó pọ́ọ́kú, abẹ́rẹ́ méjèèjì yìí kò so mọ́ nǹkan kan rárá. Àwòrán á dé, EDID ò ní dé, Linux á wá mú 1024x768 nítorí kò mọ èyí tó tún lè mú. Ẹ̀rọ KVM, tí a fi ń lo mọ́nítọ̀ kan fún kọ̀ǹpútà méjì, náà lè dínà mọ́ ọn.

Ẹ ṣí tẹ́mínà (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), kí ẹ tẹ:

wc -c /sys/class/drm/*/edid

Bí ìlà VGA bá fi 0 hàn nígbà tí mọ́nítọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, EDID kò dé nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ wáyà, tàbí kí ẹ lo HDMI bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ní in. Bí ó bá jẹ́ 128 tàbí 256, EDID ti dé. Bí kò bá sì sí ìlà VGA kankan nínú èsì, ẹ wo /proc/cmdline bóyá nomodeset wà níbẹ̀, torí kì í jẹ́ kí dráífà káàdì àwòrán ṣiṣẹ́. Inú /etc/default/grub ni kí ẹ ti yọ ọ́, kí ẹ sì tẹ sudo update-grub, bí a ti ṣe é nísàlẹ̀ yìí.

Bí kò bá sí wáyà míì, ẹ ṣí /etc/default/grub (fáìlì ètò GRUB, tó máa ń tan Linux) pẹ̀lú sudo (àṣẹ alákòóso), kí ẹ fi èyí kún ohun tó wà láàárín àmì " " níwájú GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT:

video=VGA-1:1920x1080@60

Orúkọ tí ẹ rí nínú èsì wc, lẹ́yìn card0- tàbí card1-, ni kí ẹ fi rọ́pò VGA-1. Ẹ tẹ sudo update-grub, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Ọ̀nà yìí ló tẹ́ wa lọ́rùn jù, torí àṣẹ xrandr --newmode, tí àwọn kan fi ń fi ìwọ̀n tuntun kún un, kì í ṣiṣẹ́ lórí Wayland (ọ̀kan lára ètò méjì tó ń gbé àwòrán jáde lórí Linux), bẹ́ẹ̀ ni lórí X11, ìkejì rẹ̀, pàápàá, ohun tí ẹ bá fi ṣe máa ń pòórá bí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ.

Bí mọ́nítọ̀ bá ṣókùnkùn lẹ́yìn èyí, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ tẹ Esc (tàbí kí ẹ di Shift mú lórí ẹ̀rọ BIOS àtijọ́) kí GRUB lè yọjú. Ẹ tẹ lẹ́tà "e", ẹ pa ọ̀rọ̀ video yẹn rẹ́, kí ẹ tẹ Ctrl+X.