Ọ̀já àyà fún ehoro: ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ehoro yín ti pé oṣù mẹ́jọ, ẹ fẹ́ máa mú un jáde sórí koríko, ẹ wá ń béèrè bóyá háánẹ́ẹ̀sì (ọ̀já àyà) olókùn méjì ló dára ni àbí èyí tó dà bí ẹ̀wù, àti bó ṣe yẹ kó há mọ́ ọn lára tó. Kí n tètè dáhùn ti àkọ́kọ́: èyí tó dà bí ẹ̀wù ni. Aṣọ rírọ̀ tó bo àyà àti èjìká rẹ̀, tí ibi tí a ń so okùn mọ́ wà lẹ́yìn, kì í ṣe lọ́rùn. Ọ̀já ọrùn lásán, bí èyí tí ajá ń wọ̀, ẹ má rà á fún ehoro láéláé.

Òwú ló jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ báyìí.

Òwú ni ehoro mi àkọ́kọ́, funfun báláú, kò tó kílò méjì. Olókùn méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo rà fún un, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lẹ́yìn abíyá. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó bá gbogbo ehoro mu. Ẹni tó tà á fún mi sọ bẹ́ẹ̀ náà, kò béèrè bí tèmi ṣe tóbi tó, ó ní kí n ṣáà dè é mọ́ ọn. Mo gbà á gbọ́ torí pé òun ló ń tà á. Nígbà tí mo dè é mọ́ Òwú nínú ilé, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òkúta, kò mira. Mo ní ó ti gbà. Irọ́ ni, ẹ̀rù ló bà á. Bí ẹ̀rù bá ba ehoro, ó lè sá, ó sì lè lẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi ò mọ ìkejì yẹn. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e síta.

Ajá kan gbó lẹ́yìn ọgbà. Òwú fò. Okùn ọwọ́ mi kò ju mítà kan àbọ̀ lọ, kò sì ní rọ́bà tó lè fà. Ó sáré dé òpin okùn, okùn dá a padà lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú rẹ̀ dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ, ó sì ta ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ kó tó já lulẹ̀. Kò ké. Ó fẹ́ sá wá sọ́dọ̀ mi, àmọ́ ọwọ́ iwájú nìkan ló ń wá. Ó ń wọ́ ìyókù nílẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Dókítà náà wo ojú rẹ̀, ó wo etí rẹ̀, ó ní iṣan ló fà, kí n fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ó ní ehoro máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù bá bà á. Kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Kò fún ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Kò dárúkọ ẹ̀síréè. Ó gba owó rẹ̀, mo gbé ehoro mi padà sílé. Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Ẹni tí kò bá mọ ehoro kó sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, kó darí èèyàn sí ibòmíràn.

Lóru ọjọ́ yẹn kò jẹ koríko gbígbẹ rẹ̀. Ìfun ehoro kì í sinmi. Bí kò bá jẹun fún bíi wákàtí 10 sí 12, ẹ sáré gbé e lọ, kò sí pé à ń wò ó ná. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi. Nígbà tó yá, kò lè tọ̀ fúnra rẹ̀. Ikùn rẹ̀ le, ìtọ̀ wá ń kán sí i lára díẹ̀díẹ̀, irun abẹ́ rẹ̀ rin, awọ ibẹ̀ pọ́n. Mo ń fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ nù ún, mo ń gbẹ ẹ́, mo tún jókòó tì í nílẹ̀. Ó ń payínkeke. Mo rò pé ara ti ń tù ú, torí ó máa ń fi eyín rún wọ́n báyìí tí mo bá ń fọwọ́ pa á lórí. Èmi ò mọ̀ pé ti ìgbádùn máa ń rọra dún ni, ti ìrora máa ń le, ehoro náà á sì ká ara jọ. Òru méjì gbáko ni mo fi ń fọwọ́ pa á lórí, tí mo ń dúpẹ́ pé ó ń gbádùn.

Dókítà kejì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Òwú kò mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ̀síréè fi hàn pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́ nísàlẹ̀, níbi tó ti fẹ́ kan ìbàdí. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ti ehoro máa ń ṣẹ́ sí jù. Egungun ehoro kò ju bíi ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ti ológbò tó 12 tàbí 13. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣan itan rẹ̀ lágbára gan-an. Bí ó bá ta ẹsẹ̀ nígbà tí nǹkan di iwájú rẹ̀ mú, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la fún un ní abẹ́rẹ́ tó fi sùn, tí kò jí mọ́. Ọwọ́ mi ló wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan ọ̀já, ohun tí ẹ ń rà ni ohun tí yóò gba ìjà okùn lára ehoro nígbà tó bá fò. Aṣọ tó fẹ̀ á pín in káàkiri àyà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á kó o sójú kan. Kí okùn ọwọ́ yín ní rọ́bà, kó gùn, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé e ni, ẹ má fà á. Bó bá sáré, ẹ bá a sáré. Ẹ má so ó mọ́ òpó tàbí igi láti lọ mú nǹkan wá, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ fún un, ẹ má dà á sẹ́yìn kó káwọ́ sókè. Àwọn kan máa ń sọ pé ó ń mú un sinmi. Kì í ṣe ìsinmi, ẹ̀rù ló dì í. Ilẹ̀ ni kó dúró sí. Ẹ gé èékánná rẹ̀, kó má baà kọ́ aṣọ oníhò. Ẹ má fi sílẹ̀ lára rẹ̀ tí ẹ kò bá sí nítòsí, torí eyín rẹ̀ á gé e, ó sì lè lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kí ẹ sì tó tẹ koríko yẹn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fọ́n oògùn sí i, ẹ sì bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára myxomatosis àti RHD, àrùn méjì tó ń pa ehoro, níbi tí wọ́n bá ti ní in. Kòkòrò tó ń fa RHD lè wà lára koríko láìsí ehoro mìíràn nítòsí. Ehoro kì í làágùn bíi tiwa, etí ló fi ń tu ara, nítorí náà kó jẹ́ àfẹ̀mọ́jú tàbí ìrọ̀lẹ́.

Èyí tí mo ní báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ nínú ilé. Ọ̀já náà kọ́kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà mo dì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ mọ ìyókù.

Ẹ béèrè bó ṣe yẹ kó há tó, ó ti fẹ́ bọ́ lórí mi. Ẹ fi téèpù wọn ọrùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn abíyá rẹ̀ yíká kí ẹ tó rà á. Bí ẹ bá dì í tán, kí ìka kan kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìjà. Bí ìka mẹ́ta bá kọjá, á yọ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ abo tó ní ẹran ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ẹ wò ó kí ọ̀já má tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́ fún un, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ ra ọgbà onírin tó ṣeé gbé kiri. Ẹ kọ ìwọ̀n méjèèjì yẹn ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó, ká jọ wò ó.