Ẹ má tíì ra fóònù tuntun nítorí Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀gbọ́n tó ń béèrè bóyá kí òun ra fóònù olówó gọbọi fún ìyàwó òun, kó lè máa fi augmented reality (AR, ìyẹn kí fóònù máa fi àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ lé orí ohun tí kámẹ́rà rẹ̀ ń rí) kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní sùúrù ná. Ọjà ni mò ń tà l'Ókè-Àrín, ní Erékùṣù Èkó, fóònù pọ́ọ́kú ni mo sì fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń dá oníbàárà lóhùn.

Àwọn áàpù AR tó ń gbé àwòrán kìnnìún tàbí àga sí àárín pálọ̀ nínú fóònù, ARCore, ètò AR ti Google, ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣiṣẹ́ lórí Android, kì í sì í ṣe gbogbo fóònù ló gbà á. Tẹ́ ẹ bá fi dandan lé e, tẹ́ ẹ dé Computer Village n'Íkẹjà, ẹ wá Google Play Services for AR nínú Play Store lórí fóònù náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá fóònù náà gbà á, kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má tẹ̀ lé "ó wà níbẹ̀" tí ọlọ́jà máa sọ.

Èyí tó wúlò fún mi ni kámẹ́rà inú Google Translate. Ẹ dojú rẹ̀ kọ páálí mílíìkì, Yorùbá á hàn lórí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì wà. Nylon bisikíìtì ló ń yọni lẹ́nu: ó ń dán, iná ṣọ́ọ̀bù á kọ mànà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá máa fò kiri lójú fóònù. Ẹ fi àtàǹpàkò na nylon náà, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú fọ́tò kì í gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àmì sípíkà kó pe Gẹ̀ẹ́sì náà, kí madam sì pè é tẹ̀ lé e sókè. Ẹni tó kàn ń wo ìtumọ̀, Yorùbá tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ náà ló ń kà. Ọmọ iṣẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín títí lórí ìpè yìí, ṣùgbọ́n òun náà ti ń pè é báyìí.

Ìwé inú páálí oògùn ńkọ́? Ẹ bi oníkẹ́míìsì, fóònù máa ń ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀.

Inú ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù ni kó ti máa ṣe é o. Ẹni tó bá na fóònù sókè lábẹ́ bíríìjì Àpọ́ńgbọ́n nítorí kó lè ka pátákó, àwọn ọmọ ìta á bá a gbà á.

Owó fóònù yẹn, ẹ fi díẹ̀ ra dátà fún un, kẹ́ ẹ sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn nílé lálẹ́.